A Ní Páténtì Mẹ́ta, A Ò Ní Oníbàárà Kan

Ní ọdún kejì tí a dá ilé-iṣẹ́ wa sílẹ̀, mo jókòó sínú ọkọ̀ mi ní ibi ìgbọ́kọ̀sí kan ní New Jersey. Aago mẹ́rin ìdájí ti lù. Mo ń ka ohun tí a ní sórí ìka. Páténtì mẹ́ta, ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ènìyàn ṣàwárí. Àpilẹ̀kọ méjì nínú ìwé àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì. Owó ìjọba tó kù fún oṣù márùn-ún. Oníbàárà: òdo. Nínú ilé tí mo dojú kọ, ohun tí a ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ fún ìgbà kẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Awakọ̀ tó yẹ kó gbé e lọ ti pa iná ọkọ̀ rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì.

Kí n sọ ohun tí à ń tà, tàbí ohun tí a rò pé à ń tà. Ẹ̀rọ PET ni wọ́n fi ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara, kì í ṣe bí ara ṣe rí nìkan. Wọ́n á gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ oògùn kan tó ní ìtànṣán díẹ̀ nínú. Oògùn náà á lọ sí ibi tí a rán an, á dúró síbẹ̀, ìtànṣán á sì máa jáde lára rẹ̀ bí ìbejì, Táíwò gba ìhà kan, Kẹ́hìndé gba ìhà kejì, òrùka ẹ̀rọ tó yí aláìsàn ká á sì gbá àwọn méjèèjì mú, á fi mọ ibi tí wọ́n ti gbéra. Atọpasẹ̀ ni mo máa ń pe irú oògùn bẹ́ẹ̀. Kì í wo ẹnikẹ́ni sàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wá ibi tí àrùn sá pamọ́ sí. Èyí tí wọ́n ń lò jù láyé ni FDG, ṣúgà tí wọ́n so fluorine-18 mọ́, nítorí pé àrùn jẹjẹrẹ a máa jẹ ṣúgà bí ọmọ ìyàn.

Fluorine-18 yìí kì í dúró de ènìyàn. Láàárín ìṣẹ́jú 110, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Bí ìṣẹ́jú 110 mìíràn bá tún kọjá, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ló kù. Inú ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń pè ní cyclotron ni wọ́n ti ń ṣe é, láti inú omi kan tí oxygen inú rẹ̀ wúwo ju ti omi lásán lọ, omi náà sì wọ́n.

Ibi tí tiwa ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Oríṣi òrùka carbon kan wà tó pọ̀ nínú oògùn, pàápàá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Òrùka yẹn kún fún electron, fluorine tó ń jáde láti inú cyclotron náà sì kún fún un. Olówó méjì tí kò nílò ara wọn ni wọ́n: wọn kì í fẹ́ra. Ní 2014, ikọ̀ onímọ̀ kẹ́mísírì Véronique Gouverneur ní Oxford fi hàn pé bí a bá fi boron sórí òrùka náà, tí a sì fi bàbà ṣe alárinà, fluorine á gbà láti wọlé. Àwọn ará Yunifásítì Michigan náà ṣiṣẹ́ takuntakun lórí irú ọ̀nà bàbà bẹ́ẹ̀. Èmi àti ọ̀gá mi, òyìnbó onísùúrù kan tí mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé mi, wá ọ̀nà tiwa láti mú kí alárinà yẹn yára sí i.

Òfin Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ṣe ní 1980, Bayh-Dole, fún yunifásítì láyè láti ni ohun tí wọ́n bá fi owó ìjọba ṣàwárí. Yunifásítì wa gba páténtì lórí ọ̀nà náà, ó fún wa ní láísẹ́ǹsì láti máa lò ó, a sì gba owó SBIR tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké. Gbogbo ìyẹn rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ó yẹ kí ìrọ̀rùn yẹn ti kọ mí lóminú.

A ní ìtàn kan tí a máa ń sọ fún àwọn olùdókòwò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1976, wọ́n kọ́kọ́ fún ènìyàn ní FDG ní Yunifásítì Pennsylvania. Brookhaven, ibùdó ìwádìí kan ní Long Island, ni wọ́n ti ṣe é, ọkọ̀ òfuurufú ló gbé e dé Philadelphia. Ọ̀nà tí Tatsuo Ido àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe é nígbà náà, díẹ̀ ló ń mú jáde. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1986, Hamacher, Coenen àti Stöcklin ní Jülich, Jámánì, wá pẹ̀lú ọ̀nà mìíràn tí ọ̀pọ̀ fluorine náà fi ń wọ ara ṣúgà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ayé sì gbà á. Àwa á wá ní: ẹ rí i, kẹ́mísírì tó dáa ló ṣí ọjà. Orí á máa mì. A kì í sọ èyí tó kù nínú ìtàn náà, pé ọdún 1998 ni Medicare, ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó FDG fún àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ọdún méjìlá ni ọ̀nà tó dáa fi dúró de ẹni tí yóò sanwó. A kì í sọ ọ́ nítorí pé àwa gan-an ò rò ó.

Ẹni tó kọ́kọ́ là mí lójú ni apòògùn kan, ará Iléṣà, tó ti ń ṣiṣẹ́ òru nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣe FDG fún bí ogún ọdún. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fi mí mọ̀ wọ́n. Àǹtí ni mo ń pè wọ́n. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo jókòó tì wọ́n, mo kó ìwé jáde, mo ṣàlàyé bàbà, mo ṣàlàyé boron. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní:

"Mélòó ló ń jáde?"

"Àǹtí, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún fluorine náà ló ń wọlé. Ìgbà mìíràn, 65."

"Èmi ò bi ẹ́ nìyẹn. Bí o bá ṣe é lógún ìgbà, ẹ̀ẹ̀melòó ló máa ṣe é ṣe?"

Mo dákẹ́. Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Nínú àpilẹ̀kọ wa, a ti kọ ọ́ pé a ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Àbúrò mi," wọ́n ní, "ṣé o rí àwọn tó ń ta yìnyín lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà? Màmá mi tà á. Kì í ṣe yìnyín tó tóbi jù ló ń pa owó, èyí tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á kí ó tó yọ́ ni. Bí mo bá rí ẹni tí tirẹ̀ ń mú 20 péré jáde, àmọ́ tó ń mú un jáde ní gbogbo òru tí Ọlọ́run dá, òun ni màá bá lọ. Ìwọ mú 60 dání, mi ò sì mọ̀ bóyá o máa wá lọ́la."

Wọ́n fa bébà kan, wọ́n bá mi ṣírò. Aláìsàn kan nílò 10 mílíkúrì, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìtànṣán, ní aago kan ọ̀sán, ní ìlú tó jìnnà. Aago mẹ́rin ìdájí ni oògùn ń jáde. Láàárín wákàtí mẹ́sàn-án yẹn, fluorine á ti dín ìdajì kù ní ìgbà bíi márùn-ún. Èyí ni pé 300 mílíkúrì lo gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ ní aago mẹ́rin fún aláìsàn yẹn nìkan. Bí ó bá bàjẹ́ ní aago mẹ́rin, kò sí ohun tí o lè tún ṣe tí yóò bá aláìsàn òwúrọ̀. Àwọn kan ò tíì fẹnu kan oúnjẹ láti àná. Òmíràn ti gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ló máa sọ fún wọn pé oògùn ò wá. "Kò sì ní sọ pé kẹ́mísírì ló fà á," Àǹtí ní. "Orúkọ tèmi ló máa dá."

Ibi tí ojú ti wá tì mí jù ni ti afẹ́fẹ́.

Ní láàbù wa, ọmọ iléèwé kan tó mọṣẹ́ ló ń ṣe é. Ọwọ́ ló fi ń ṣí ìdérí ìgò, á fi abẹ́rẹ́ fa bàbà àti ohun ìpìlẹ̀ wa sí i, á dé e padà, á gbé e sórí iná. Ìtànṣán tó ń lò kò pọ̀, ẹ̀yìn òjé sì ló ń dúró sí. Ní ilé-iṣẹ́ New Jersey tí a háyà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Inú àpótí òjé ni ẹ̀rọ ti ń ṣe gbogbo rẹ̀ nípasẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì oníke tí wọ́n á lò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á jù ú nù. A tẹ bọ́tìnnì, a ń wo iye lójú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ kìíní, ìdá 2. Ọjọ́ kejì, òdo.

A dá omi lẹ́bi. A ra omi mìíràn, owó gọbọi. Òdo. A dá cyclotron lẹ́bi, àwọn tó ni ín bínú, ó sì tọ́ kí wọ́n bínú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọmọ iléèwé wa rí apá kan nínú ọ̀rọ̀ náà: omi-ìfọ̀ tí kásẹ́ẹ̀tì ń lò láti fi gbé fluorine ni ti Jülich, kẹ́míkà méjì tó ń jẹ́ potassium carbonate àti Kryptofix, tí a ṣe fún FDG. Ohun tó jẹ́ oúnjẹ fún FDG jẹ́ májèlé fún bàbà wa. Carbonate yẹn á fún bàbà lọ́rùn kó tó ráyè ṣe alárinà. Ní láàbù wa, díẹ̀ báyìí la máa ń lò, a ò tilẹ̀ kà á sí. A pààrọ̀ rẹ̀. Ó gòkè sí ìdá 9. A jó. Àmọ́ 9 kì í ṣe 60.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ọmọ Ghana, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní òru kan ó bi mí pé, "Kí lẹ fi ń ti omi kọjá nínú páìpù ní láàbù yín?" Mo ní a kì í ti nǹkan kan, ọwọ́ la fi ń ṣe é. Ó ní, "Nitrogen ni ẹ̀rọ tiwa ń lò. Kò sí afẹ́fẹ́ nínú ìgò yín rárá o." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo jókòó. Bàbà wa nílò oxygen inú afẹ́fẹ́ láti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ka àpilẹ̀kọ nípa irú kẹ́mísírì yìí dáadáa lè mọ̀ bẹ́ẹ̀; àwa gan-an ti kà á. Ṣùgbọ́n ní láàbù wa, gbogbo ìgbà tí ọmọ wa bá ṣí ìdérí, afẹ́fẹ́ ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìlànà, nítorí ta ni yóò kọ ọ́ pé "kí o sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wà"? A fi syringe kan tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kásẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ fún un sínú ìgò. Ìdá 38. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Oṣù mẹ́ta àti owó tó lè kọ́ ilé ní Ìbàdàn ló lọ lórí ohun tí gbogbo ènìyàn ń mí láìsanwó. Páténtì kẹrin wa, ti afẹ́fẹ́ ni. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún amòfin wa, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ọ̀dọ́mọdé onímọ̀ kan bá mú ọ̀nà tuntun wá bá mi, mi ò kì í bi í ní iye tó ń jáde mọ́. Mo máa ń ní kó fún ẹlòmíràn ní ìlànà náà, kó jáde kúrò nínú yàrá, kó sì ti ìlẹ̀kùn.

Ó tún ku ti ìtànṣán púpọ̀. Nígbà tí a gbé iye rẹ̀ ga tó èyí tí ọjà nílò, ìtànṣán náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mólékù tó gbé e. Ètánọ́ọ̀lù díẹ̀ àti fítámì C la fi pẹ̀tù sí i. Ó sì ku ti ẹ̀dà kan tí kò ní fluorine rárá: hydrogen á gba ipò boron, á wá jọ mólékù wa bí ọmọ ìyá, á sì lọ jókòó sí àga rẹ̀ nínú ọpọlọ. Yíya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ gba ọdún kan gbáko, mi ò ní fi í dá yín lágara.

Ìdánwò tí oògùn gbọ́dọ̀ yege kí ó tó kúrò nílé pọ̀. Wọ́n á wò bóyá ó kan ju, bóyá Kryptofix ṣẹ́ kù sí i, bóyá asẹ́ tó gbà kọjá lu, bóyá bàbà inú rẹ̀ kọjá ààlà. 300 máíkírógíráàmù ni ìlànà àgbáyé fi sí fún oògùn tí a ń gún sí ara lójúmọ́ kan. Gbogbo rẹ̀ láàárín bí ìṣẹ́jú ogún, yìnyín ń yọ́. Èyí tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni ìdánwò kòkòrò àìfojúrí: òfin ní kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 30, ọjọ́ 14 ni èsì rẹ̀ sì ń gbà. Aláìsàn á ti gbabẹ́rẹ́, á ti lọ sílé, á ti lọ síbi ìgbéyàwó méjì kí èsì tó jáde. Nítorí náà, ohun tí FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fọwọ́ sí oògùn, ń gbẹ́kẹ̀ lé ni ilé àti ìwà àwọn tó ń ṣe é. Láti ìparí 2011 ni òfin tí wọ́n ṣe fún oògùn PET nìkan ti fìdí múlẹ̀, ìwé tí à ń kọ nítorí rẹ̀ lóṣù kan ga ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ.

Ọ̀rọ̀ FDA yìí ló mú wa rí ohun tó yẹ kí a ti rí ní ọjọ́ kìíní. FDA kì í fọwọ́ sí ọ̀nà tí ènìyàn gbà dáná; ọbẹ̀ ló ń tọ́ wò. Kò sí ilé ìwòsàn kan láyé tó ń ra kẹ́mísírì. Mólékù kan pàtó, tó ń fi àrùn kan pàtó hàn, ni wọ́n ń rà. Bí a bá fẹ́ ta ọ̀nà wa, a gbọ́dọ̀ ní mólékù, kí a dán an wò lára ẹranko, lára ènìyàn mélòó kan, lára ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, kí a tó dé iwájú FDA. Mo wá lọ ka ìtàn àwọn tó ti dé ibẹ̀. Atọpasẹ̀ tó ń wá ibi tí estrogen, omi ìsúnniṣe àwọn obìnrin, ti ń so mọ́ nínú jẹjẹrẹ ọmú, John Katzenellenbogen ní Illinois àti Michael Welch ní St. Louis ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Oṣù karùn-ún ọdún 2020 ni FDA fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ á ti lọ́mọ. Ti jẹjẹrẹ prostate yára díẹ̀: gallium-68 PSMA-11 gba àṣẹ ní oṣù kejìlá 2020, fún UCLA àti UCSF, yunifásítì méjì ní California; Pylarify, atọpasẹ̀ mìíràn tó ti inú iṣẹ́ Martin Pomper ní Johns Hopkins wá, tẹ̀ lé e ní oṣù karùn-ún 2021. Nígbà tí àwa fi máa rò ó pé kí a wọ ọjà prostate, ọjà ti kún, àwọn tó wà níbẹ̀ sì ní ọkọ̀ àti awakọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lẹ́yìn FDA ni ẹni tí yóò sanwó. Ẹ wo Amyvid, tó ń fi ìdọ̀tí àrùn Alzheimer hàn nínú ọpọlọ. Láti inú iṣẹ́ Hank Kung àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pennsylvania ló ti wá, ilé-iṣẹ́ Avid mú un dàgbà, ilé-iṣẹ́ oògùn ńlá Lilly ra Avid ní 2010, FDA fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin 2012. Àṣeyọrí ńlá. Ní 2013, Medicare ní òun ò ní sanwó rẹ̀ àfi fún ẹni tó bá wà nínú ìwádìí, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni. Oṣù kẹwàá 2023 ni wọ́n tó gbé ìdènà yẹn kúrò, nígbà tí oògùn tí yóò tọ́jú àrùn náà fúnra rẹ̀ ti wà lọ́jà. Mo sọ èyí fún Àǹtí. Àwọn ará Iléṣà ló sọ òwò aṣọ àwìn di òṣómàáló, tí wọ́n máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Wọ́n ní, "Bàbá mi ṣe òṣómàáló. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà Medicare, ta ló mọ ibẹ̀ tó fẹ́ lóṣòó?"

Wọn ò kúkú parọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí atọpasẹ̀ tuntun bá ti lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta tí Medicare fi ń sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n á di owó rẹ̀ mọ́ owó àwòrán, ilé ìwòsàn tó bá lò ó á máa jẹ gbèsè lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó lọ́tọ̀ fún èyí tó bá ju $630 lọ lóòjọ́. Ó dára. Ó ti pẹ́ jù fún wa.

Láàárín gbogbo èyí, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ń bá wa sọ̀rọ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ìpàdé mọ́kànlá ni a ṣe láàárín oṣù mẹ́jọ. Wọ́n béèrè dátà, a fún wọn. Wọ́n béèrè òmíràn, a lọ ṣe é pẹ̀lú owó wa. Àwọn méjì tó fẹ́ràn wa níbẹ̀ ló ń tì í. Ọ̀kan gba iṣẹ́ síbòmíràn, wọ́n gbé èkejì lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ímeèlì wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bí òkúta tí a jù sínú òkun. Kò sí ẹni tó sọ pé rárá. Mo bínú nígbà náà. Nísinsìnyí mo rò pé àwa la ṣìṣe, nígbà tí a fi ènìyàn méjì ṣe ilé-iṣẹ́ odidi, tí a ò sì wá ẹlòmíràn lọ.

Bí a ṣe rí oníbàárà, èèṣì ni. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ oògùn kan gbọ́ mi ní àpérò, ó wá bá mi nídìí kọfí. Wọ́n ń ṣe oògùn tuntun fún ọpọlọ, ó ní, wọn ò sì mọ̀ bóyá ó ń dé ọpọlọ ènìyàn, tàbí iye tí ó yẹ kí wọ́n fúnni. Fluorine kan ti wà lórí òrùka oògùn náà tẹ́lẹ̀, irú òrùka olówó tí mo sọ lókè yẹn gan-an. Ṣé a lè fi fluorine-18 rọ́pò rẹ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mólékù náà ò sì ní yí padà rárá, a kàn máa lè rí i ni. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó nínú ogún?" Àyà mi já. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí mo ní ìdáhùn: méjìdínlógún.

Irú oníbàárà yìí kò nílò Medicare. Kò nílò ọkọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ènìyàn bíi mẹ́wàá sí ogún ni wọ́n fẹ́ wò, kí wọ́n lè pinnu bóyá kí wọ́n tẹ̀ síwájú tàbí kí wọ́n jáwọ́ kí owó ńlá tó wọlé. Ìdáhùn ni wọ́n ń rà, wọ́n sì fẹ́ ẹ kíákíá. Kì í ṣe ọjà tí à ń lá àlá rẹ̀ ní yunifásítì, àmọ́ owó rẹ̀ ń wọlé lásìkò. A san owó oṣù. Ènìyàn mọ́kànlá ni wá tẹ́lẹ̀, a ti di márùn-ún nígbà náà, a sì padà di mẹ́jọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rà wá. Owó tó kàn mí tó san gbèsè ilé, kò tó ra ilé mìíràn.

Àbúrò mi tó jẹ́ dókítà ní Ìbàdàn bi mí nígbà kan bóyá a lè máa fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Mo ní ìṣẹ́jú 110 kò lè ré òkun kọjá. Omi lásán ló máa dé. Ohun tó lè rìnrìn àjò ni irú èyí tí wọ́n ti mọ̀ ní UCH fún àwọn ẹ̀rọ gamma camera wọn: ìkòkò tí technetium, ohun onítànṣán tí àwọn ẹ̀rọ yẹn ń rí, ń jáde nínú rẹ̀ láràárọ̀ bíi wàrà lára màlúù. Ti PET náà ní irú rẹ̀. Germanium-68 ń gba ọjọ́ 271 kó tó dín sí ìdajì, ó lè wọ ọkọ̀ òfuurufú dáadáa, gallium-68 tí wọ́n á sì máa fún lára rẹ̀ ń gba ìṣẹ́jú 68, tó tó fún aláìsàn tó wà nínú ilé kan náà. Ó ní ó dára, ta ni yóò ra ẹ̀rọ PET fúnra rẹ̀? Mo ní ìyẹn gan-an ni ìbéèrè tó yẹ kí n ti máa bi ara mi láti ọdún pípẹ́.

Mo ṣì máa ń lọ sí New Jersey yẹn nígbà mìíràn tí a bá ní iṣẹ́ òru. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a ṣe ọ̀kan fún ọpọlọ. Ìdá 31, kò tilẹ̀ dé 38. Ó yege gbogbo ìdánwò, wọ́n dì í sínú ìkòkò òjé, awakọ̀ buwọ́ lùwé, ó sì gbéra ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méje. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo ń wo iná ẹ̀yìn ọkọ̀ títí tí ó fi yà sí ojú ọ̀nà ńlá. Àǹtí ti wọ kóòtù wọn, wọ́n ti kó báàgì.

"Kí lò ń wò?"

"Àǹtí, mo kàn ń wò ó ni."

"Ṣe ni kóo lọ sùn," wọ́n ní. "Òmíràn wà lọ́la."